Ẹni Tó Ń Jókòó Lápá Ọ̀tún

Ìyá tó bí mi lọ́mọ máa ń sọ pé bí wọ́n bá ń fi ìfura joyè, èmi ni wọn ì bá fi jẹ. N kò bá a jiyàn. Èmi ni mo ń ka ẹran inú ìkòkò ọbẹ̀ kí n tó jáde nílé, èmi náà ni mo ń gbóòórùn ẹ̀wù ọkọ kí n tó rẹ ẹ́ sómi. Iṣẹ́ aránṣọ tí mo kọ́ tún wá dá kún un. Ẹni tó ń fi téèpù wọn ìbàdí obìnrin láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́ máa ń mọ ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún un. Ó máa ń mọ ẹni tó lóyún kí ìyá ẹni náà tó mọ̀, ó sì máa ń mọ ìyàwó tí kò jẹun kánú nílé ọkọ. Inú irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀ ni ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ti wá.

Ìlú le nígbà náà. Àwọn ológun ṣẹ̀ṣẹ̀ padà sórí ìjọba ni, a ń tò láti ra ìrẹsì àti ọṣẹ, owó oṣù àwọn olùkọ́ sì máa ń pẹ́ kó tó dé. Tíṣà ni ọkọ mi ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ó ra píkọ́ọ̀pù àlòkù kan lọ́wọ́ kọngílá tó ti fẹ̀yìn tì, kó lè máa fi kó gbágùúdá àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ wá láti oko bàbá rẹ̀ lọ́nà Ìbẹ̀fun. Gbogbo ọjọ́ Ẹtì, bí ilé ẹ̀kọ́ bá ti jáde, á bọ́ táì rẹ̀ sórí àga, á wọ mọ́tò, ó di oko. Kì í padà títí oòrùn á fi fẹ́ wọ̀.

Mọ́tò náà ti gbó. Àwọ̀ rẹ̀ ti ṣí, èjìká la fi ń ti ilẹ̀kùn rẹ̀ kan kó tó pa dé, iwájú rẹ̀ sì ti wọlẹ̀ bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́ tó já bọ́. Bó bá kọjá lórí òkúta, a máa gbọ́ gbàǹgà lábẹ́ ẹ́ńjìnnì. Lọ́jọ́ Àìkú kan, abẹ́ rẹ̀ ha ilẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀ṣì, gbogbo ìjọ sì yíjú wò wá. Ojú tì mí gidi. Èmi ni mo sọ fún ọkọ mi pé ó tó gẹ́ẹ́, ká gbé e lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì kí wọ́n gbé iwájú rẹ̀ sókè.

Ó ní òun kò ráyè, ìdánwò ń bọ̀, òun á gbé e dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì láàárọ̀, kí n lọ jókòó tì í. Ẹni tó bá gbé ọ̀dọ̀ wa láyé ìgbà náà mọ ohun tí wọ́n ń pè ní kí a jókòó ti mọ́tò. A kì í fi mọ́tò sílẹ̀ fún mẹkáníìkì ká wá gba ilé lọ. Onímọ́tò tàbí èèyàn rẹ̀ á gba àpótí, á jókòó, á máa wo ọwọ́ mẹkáníìkì títí iṣẹ́ á fi parí, kí wọ́n má baà yọ ohun tó dára kí wọ́n fi ògbólógbòó rọ́pò rẹ̀. Iṣẹ́ tó bá mi lára mu ni. Mo ti ṣọ́ọ̀bù mi, mo sì lọ pẹ̀lú téèpù lọ́rùn.

Ọ̀nà Èjìnrìn ni mẹkáníìkì náà wà, lábẹ́ igi fúrúùtù kan. Ọkùnrin tín-ínrín ni, ẹlẹ́sìn Ìsìláàmù, bútà rẹ̀ kì í jìnnà sí i, kì í sì í pariwo bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Èyí gan-an ló mú mi fura sí i. Mo gbé àpótí mi sún mọ́ táyà débi pé ó kù díẹ̀ kí n bá a wọ abẹ́ mọ́tò.

“Ìyàwó tíṣà, ẹ jẹ́ kí afẹ́fẹ́ ráyè kọjá,” ló wí láti abẹ́ mọ́tò.

“Afẹ́fẹ́ ti kọjá,” ni mo fèsì.

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n bẹ̀rẹ̀ kí n wò ó fúnra mi, kí ọkàn mi lè balẹ̀. Irin gbọọrọ méjì ló fi hàn mí, ọ̀kan lápá òsì, ọ̀kan lápá ọ̀tún, tí wọ́n gba ìdí táyà iwájú lọ sẹ́yìn. Tọ́ṣọ̀n ni wọ́n ń pè wọ́n. Ó ní irú mọ́tò yìí kò ní sípíríǹgì níwájú, irin wọ̀nyí ló ń gbé e. Bí a bá lọ́ wọn bí ìgbà tí èèyàn ń fún aṣọ tútù, wọ́n á le, iwájú á gbéra. Bí ọjọ́ bá sì pẹ́ tí ẹrù ti ń tẹ̀ wọ́n, wọ́n á dẹ̀, iwájú á wọlẹ̀. Bóòtù kan wà ní ìdí ọ̀kọ̀ọ̀kan tí wọ́n fi ń lọ́ ọ. Mo gbọ́ ọ yé. Ohun tí a lè fún, tí a lè dẹ̀, iṣẹ́ mi náà ni.

Ó jáde, ó fẹ́ fi ìka wọn àlàfo tó wà láàárín orí táyà àti etí mọdugáàdì. Mo ní, “Ìka ta ni wọ́n ń fi wọn nǹkan? Ẹ gba téèpù.” Èmi fúnra mi ni mo wọ̀n ọ́n. Apá òsì, níbi tí awakọ̀ ń jókòó, ínǹṣì mẹ́rin. Apá ọ̀tún, ínǹṣì méjì ààbọ̀. Mo tún un wọ̀n lẹ́ẹ̀mẹta, bí mo ṣe máa ń wọn aṣọ ìyàwó, kò yí padà.

Mẹkáníìkì mi orí. “Ẹni tó ń jókòó lápá ọ̀tún yìí,” ló wí, ó ń nu ọwọ́, “ó tóbi o. Ó sì ti pẹ́ tó ti ń jókòó níbẹ̀. Bí ẹrù bá wà lẹ́yìn, ẹ̀yìn ló ń tẹ̀. Èyí, èèyàn ni.” Ó wá wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, bí mo ṣe rí pẹ́lẹ́ńgẹ́ nínú búbà mi, ó sì yí ohùn padà lójijì. “Wàlláhì, àwàdà ni mò ń ṣe. Irin tó gbó, kò sí ohun tí kò lè ṣe.”

Ẹni tó ń ṣe àwàdà kì í búra. Èmi nìkan ni obìnrin tó yẹ kó jókòó síbẹ̀, mo sì lè ka iye ìgbà tí mo wọ mọ́tò náà: ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Àìkú, ó tán. Ta ló wá ń jókòó síbẹ̀ títí irin fi dẹ̀? Mo rántí ohun tí oníbàárà mi kan sọ lóṣù tó kọjá, tó ní òun rí mọ́tò wa ní Ayépé lọ́jọ́ Ẹtì, níwájú ilé obìnrin kan. Mo ti sọ fún un nígbà náà pé píkọ́ọ̀pù pọ̀ nílẹ̀ Ìjẹ̀bú. Ibi tí mo jókòó sí yẹn, orí àpótí mẹkáníìkì, ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti ṣẹ̀ṣẹ̀ wá dùn mí.

Ó ní òun á gbé apá méjèèjì sí ínǹṣì márùn-ún, ó tó. Mo ní mẹ́fà. Ó ní ká má ṣe bẹ́ẹ̀, táyà á máa jẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mọ́tò á sì máa le lára. Mo ní ọ̀nà Ìbẹ̀fun burú, kò mọ̀ ọ́n, mẹ́fà ni mo wí. Irọ́ ni. Ohun tó wà lọ́kàn mi ni pé bí obìnrin náà bá sanra tó bí irin ṣe wí, tó sì ró ìró le mọ́dìí bí àwọn oge ṣe ń ró o, jẹ́ kó gbé ẹsẹ̀ sókè títí aṣọ á fi tú. Ínǹṣì mẹ́ta ààbọ̀ ni apá ọ̀tún máa fi ga ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Lójú ẹlòmíràn, ohun kékeré ni. Èmi mọ̀ pé ínǹṣì mẹ́ta ààbọ̀ lè ba ẹ̀wù jẹ́ pátápátá. Inú mi dùn sí i. N kò ní purọ́, inú mi dùn.

Ó fi jáàkì gbé e, ó to pákó sábẹ́ rẹ̀, ó da epo dísù sára nọ́ọ̀tì tó ti dípẹtà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ ọ. Apá òsì kò pẹ́. Apá ọ̀tún gbà á ní agbára, irin náà ń ké bó ṣe ń yí. Nígbà tó sọ ọ́ kalẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì tẹ bọ́ńpà ní ìgbà bíi mélòó kan kó lè jókòó dáadáa, ó wà á yípo, ó padà, mo sì wọ̀n ọ́n. Mẹ́fà, mẹ́fà. Ó ní, “Ẹ ti rí i. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kó yé yín o, irin tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ́ máa ń sọ̀ díẹ̀ fúnra rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì.” Mo gbọ́, ṣùgbọ́n n kò fi sọ́kàn.

Nígbà tí ọkọ mi rí mọ́tò náà nílé, kò tilẹ̀ yìn ín. Ó dúró lápá ọ̀tún, ó ṣí ilẹ̀kùn, ó wo àtẹ̀gùn, ó wo ilẹ̀.

“Ó ga jù,” ló wí. “Ta ló máa lè gun èyí?”

“Ta ló ń gùn ún tẹ́lẹ̀?”

Ó wò mí. “Ìwọ náà ni,” ló wí, ó sì wọlé lọ wẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni oorun mi ti dín. N kò bi í ní nǹkan kan. Ẹni tó bá bi ọkùnrin ní ìbéèrè, irọ́ ló fẹ́ gbọ́, bí mo ṣe ń rò nìyẹn. Dípò bẹ́ẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ọlọ́pàá. Bó bá di ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, mo máa ń mú téèpù jáde bíi pé mo fẹ́ wọn aṣọ fèrèsé, mo máa ń wọn iwájú mọ́tò. Láàárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, mo máa ń tún un wọ̀n. Ó sọ̀ díẹ̀ lóòótọ́, apá òsì náà sì sọ̀, ṣùgbọ́n èyí tí mo fẹ́ rí nìkan ni mo rí.

Lọ́jọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ kejì, mo lọ ẹfun tí mo fi ń sàmì sára aṣọ, mo sì bù ú wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ sórí àga apá ọ̀tún kó tó lọ síbi iṣẹ́. Nígbà tó dé nírọ̀lẹ́, mo lọ wo àga. Ẹfun ti pa rẹ́ láàárín, ó kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì. Mo wọn ibi tó ti pa rẹ́. Ínǹṣì méjìlélógún! Ìbàdí tó bá fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ lórí ìjókòó kì í ṣe ìbàdí ọmọdé.

Mo ní ìwé kan tí mo ń kọ ìwọ̀n àwọn oníbàárà mi sí. Mo jókòó, mo tú u láti ojú ìwé kìíní, mo ń wá gbogbo obìnrin tí ìbàdí rẹ̀ ju àádọ́ta ínǹṣì lọ. Méje ni wọ́n. Ìyá àgbà ni mẹ́ta, mo fagi lé wọn. Ọ̀kan jẹ́ ìyàwó pásítọ̀, mo fi í sílẹ̀, mo tún padà fi àmì sí i, nítorí pé kò sẹ́ni tí kò lè ṣe ohunkóhun. Ọ̀kan wá láti Ayépé. Aṣọ ìyẹn wà lọ́rùn máṣíìnì mi lọ́wọ́lọ́wọ́. Mo yọ ọ́ kúrò, mo ká a sínú àpò, mo ní kó wà níbẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì ni obìnrin jẹ́jẹ́ yẹn fi ń wá, tí mo ń sọ fún un pé máṣíìnì bàjẹ́. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ̀yìn aṣọ àwọn obìnrin ni mò ń wò bóyá n ó rí ẹfun, n kò mọ ibi tí ìwàásù dé.

Ohun tó tún wá ń bí mi nínú ni ẹ̀bùn. Gbogbo ọjọ́ Ẹtì, ọkọ mi máa ń mú nǹkan dé tí kì í ṣe ti oko rẹ̀: ewùrà ńlá méjì tí wọ́n ti fọ erùpẹ̀ rẹ̀ kúrò, ìgbín nínú agbọ̀n, orógbó tí wọ́n fi ewé di dáadáa. Ó ní àwọn ará oko ló fún òun. Ará oko wo ló ń fọ ewùrà kó tó fún èèyàn? Ìkókórè, tí a ń fi ewùrà rírin sè, jẹ́ oúnjẹ tí mo fẹ́ràn ju gbogbo oúnjẹ lọ, ṣùgbọ́n n kò rin ewùrà yẹn. Ta ló mọ ohun tí wọ́n fi sí i? Mo pín gbogbo rẹ̀ fún àwọn ará àdúgbò.

Lọ́jọ́ Ẹtì kẹrin, mo ti ṣọ́ọ̀bù lọ́sàn-án, mo wé gèlè mi wálẹ̀ dé ojú bí ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀, mo wọ ọkọ̀ ní gáréèjì, ó di Ayépé. Oníbàárà mi ti júwe ilé náà: ilé alájà kan tí wọ́n kùn ní àwọ̀ ewé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Obìnrin kan ń ta àkàrà lódìkejì. Mo jókòó sórí bẹ́ńṣì rẹ̀, mo ra àkàrà tí n kò jẹ, mo sì ń dúró. Mo ti to ọ̀rọ̀ tí n ó sọ. Mo ti pinnu pé bí mo bá rí i, n kò ní padà sílé ọkùnrin náà mọ́, ilé bàbá mi ni n ó gbà lọ pẹ̀lú àwọn ọmọ mi. Ọkàn mi dá lórí ìyẹn.

Mọ́tò wa dé. Ó ga, eruku tẹ̀lé e, ó dúró gan-an níwájú ilé náà. Ọkọ mi sọ̀kalẹ̀, ó gbé àpótí kan láti ẹ̀yìn mọ́tò, ó fi í sílẹ̀ lábẹ́ ilẹ̀kùn ọ̀tún, ó ṣí ilẹ̀kùn náà. Mo dìde. Mo ń retí bàtà gogoro. Ẹsẹ̀ tó kọ́kọ́ jáde jẹ́ ẹsẹ̀ wíwú, tí wọ́n fi báńdéèjì funfun wé láti ọrùn ẹsẹ̀ dé ọmọ ìka.

Ìyá ọkọ mi ni.

Mo ti ń yẹra fún ibi tí mo dé yìí láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ mi, ṣùgbọ́n mo gbọ́dọ̀ sọ ọ́. Ọ̀sẹ̀ tí ọkọ mi ra mọ́tò náà, ìyá rẹ̀ ti abúlé wọn wá. Ìdílé alágbẹ̀dẹ ni wọ́n, Ògún ni wọ́n ń bọ láti ayébáyé, kò sì sí irin tó ń wọ ilé wọn tí wọn kì í fi han Ògún. Ó mú epo àti iṣu sísun wá. Ìgbà tí mo fi ti ọjà dé, ó ti ta epo sí táyà iwájú méjèèjì, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń ṣàdúrà fún ọmọ rẹ̀. Èmi, ọmọ olùkọ́ ìjọ! Mo po omi ọṣẹ, mo fi fọ táyà náà lójú rẹ̀, lójú gbogbo àwọn tá a jọ ń gbé. Mo ní, “Ẹsẹ̀ yín kò gbọdọ̀ tẹ inú mọ́tò yìí láéláé. Mọ́tò Kìrìsìtẹ́nì ni.” Ó kó abọ́ rẹ̀, ó sì fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí gáréèjì. Ọdún kan ààbọ̀ ti kọjá lórí ọ̀rọ̀ yẹn, a kò tíì rí ara wa.

Obìnrin tó tóbi ni ìyá náà, ó tóbi ju gbogbo àwọn tó wà nínú ìwé mi lọ. N kò wọ̀n ọ́n rí, nítorí n kò rán aṣọ fún un rí.

Mo dúró bí òpó lódìkejì ọ̀nà. Ó di ilẹ̀kùn mú, ó ń fi ẹsẹ̀ tí wọ́n wé náà wá àpótí. Kò rí i. Ilẹ̀ kò sí níbi tó ti máa ń wà. Ọkọ mi ní, “Ẹ rọra, Màmá, ó kù díẹ̀.” Nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wá kan àpótí, etí rẹ̀ ló kàn. Àpótí yẹ̀. Ọkọ mi gbìyànjú láti gbá a mú, ṣùgbọ́n ó wúwo jù ú lọ. Ó ṣubú lé ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, mo sì gbọ́ bí egungun ṣe dún láti ibi tí mo wà.

“Ọghọ́ mi! Ọghọ́ mi o!” ni ìyá ń ké, ọwọ́ rẹ̀ ló ń pè.

N kò mọ bí mo ṣe dé ọ̀hún. Gèlè mi ti já sílẹ̀ lójú ọ̀nà. Mo kúnlẹ̀ sínú iyanrìn, mo gbé orí rẹ̀ lé itan mi. Ó ṣí ojú, ó wò mí pẹ́, bí ẹni tí kò gba ojú rẹ̀ gbọ́.

“Ìyàwó mi?” ló wí. “Ìyàwó mi nìyí? O wá fúnra rẹ?”

Mo fi etí ìró mi nu iyanrìn kúrò lójú rẹ̀.

“O ṣé o, ọmọ mi. Ó ti ń jíṣẹ́ rẹ fún mi. Ó ní ìwọ lo ní kí òun máa fi mọ́tò gbé mi wá wẹ egbò. Mo ní, ‘Ìyàwó mi ló sọ bẹ́ẹ̀?’ Ó ní ìwọ ni. Ó ní o kò bínú sí mi mọ́.” Ìrora ń mú un, ó di aṣọ mi mú pẹ̀lú ọwọ́ tí kò kán. “Ó tún ní ìwọ lo jókòó ti mẹkáníìkì láti àárọ̀, pé kí wọ́n gbé mọ́tò sókè kí kòtò ọ̀nà má baà máa ni ẹsẹ̀ mi lára. Ṣé o rí ewùrà tí mo ń fi ránṣẹ́? Ṣé o rin ín?”

Mo wo ọkọ mi. Ó yí ojú sí táyà. Nínú ilé aláwọ̀ ewé náà, nọ́ọ̀sì kan tó ti fẹ̀yìn tì, ìyá àgbà tó funfun lórí, ti ń sáré bọ̀ pẹ̀lú aṣọ lọ́wọ́. Obìnrin Ayépé tí mò ń wá nìyẹn.

Òótọ́ wà lẹ́nu mi. Ó ti dé orí ahọ́n. Bí mo bá sọ ọ́, ọkàn mi á fúyẹ́, ṣùgbọ́n ìyá yẹn á mọ̀, níbi tó dùbúlẹ̀ sí, pé kò sẹ́ni tó dárí jì í, pé ọmọ rẹ̀ ń parọ́ fún un ni, àti pé ẹni tó gbé mọ́tò sókè gbé e sókè kí òun má lè gùn ún. Mo gbé e mì.

“Mo rin ín, Màmá,” ni mo wí. “Ó dùn. Gbogbo wa la jẹ ẹ́.”

A gbé e lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn egungun lọ́jọ́ náà. Èmi ni mo wà lẹ́yìn mọ́tò, mo di irin mú. Nígbà tí a délé, mo bi ọkọ mi pé kí ló dé tí kò sọ fún mi. Ó ní, “Kí n sọ ọ́, kí o tún wá po omi ọṣẹ?” Ó tún ní, “Ẹfun tí o bù sórí àga, ó ba ìró ìyá mi jẹ́. Mo sọ fún un pé eruku ni.” Ó mọ̀ láti ọjọ́ kìíní. Ojú tì mí débi pé n kò lè gbé orí sókè.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo padà sí Ọ̀nà Èjìnrìn. Mo ní kí mẹkáníìkì sọ iwájú mọ́tò kalẹ̀. Ó ní ṣé márùn-ún. Mo ní kó sọ ọ́ kalẹ̀ títí ẹni tí ẹsẹ̀ ń dùn á fi lè wọlé. Ó wò mí, ó sún bútà rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó sì wọ abẹ́ mọ́tò. N kò jókòó tì í. Mo gba ọ̀dọ̀ obìnrin Ayépé tí aṣọ rẹ̀ wà nínú àpò lọ, mo lọ bẹ̀ ẹ́.

Láti ọjọ́ Ẹtì tó tẹ̀lé e, èmi náà ni mo ń ti ìyá wọ mọ́tò, tí mo ń gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì lé orí rọ́bà, tí mo sì ń bọ́ sẹ́yìn mọ́tò. Ewùrà tó ń fún mi, mo máa ń rin ín lójú rẹ̀. Egbò ẹsẹ̀ rẹ̀ jinná. Ọwọ́ rẹ̀ ni kò tọ́ mọ́. Wọ́n tò ó, wọ́n fi ọpá dè é, ṣùgbọ́n ó ti wúwo jù, ó sì ti dàgbà jù. Ọrùn ọwọ́ náà wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan títí ó fi kú, ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà.

Ọwọ́ wíwọ́ yẹn ló fi ń súre fún mi. Bí a bá fẹ́ padà sílé nírọ̀lẹ́, á ní kí n kúnlẹ̀, á gbé e lé orí mi, n ó sì máa gbọ́ bí egungun ibẹ̀ ṣe gún mi lágbárí. Á ní, “Ògún á gbè ọ́, ìyàwó mi. O ò ní rìn lọ́jọ́ tí ebi ń pa ọ̀nà. Bí o ṣe ṣàánú mi, àwọn ọmọ rẹ á ṣàánú rẹ.” Èmi, ọmọ olùkọ́ ìjọ, máa ń dáhùn pé àṣẹ. N kò sọ òótọ́ fún un rí.